Bí o ṣe lè fi fídíò òde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ara rẹ

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ fídíò òde tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́: kò ṣeé tún ṣe. Télọ̀ tó gé aṣọ bàjẹ́ lè wá irú rẹ̀ rà padà. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí, tó ń wúre fún un bó ṣe ń lọ ilé ọkọ, tí maikì rẹ kò sì gba ohùn, ta ló fẹ́ kó gbogbo ẹbí jọ padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí pé ìdánilójú ni onífídíò ń tà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ á wà nínú káàdì, ohùn á dún ketekete, fídíò á sì dé lọ́jọ́ tó dá. Ẹwà àwòrán ń tẹ̀lé e ni.

Òde nílẹ̀ Yorùbá ni màá bá ọ sọ: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, wòlímà, ọjọ́ ìbí. Iṣẹ́ fídíò pọ̀ ju èyí lọ, àmọ́ ibi tí owó ti tètè ń wọlé fún ẹni tí kò tíì lórúkọ nìyí, Sátidé kan kì í sì í kọjá láìsí òde.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: bá ẹnìkan jáde

Má tíì ra nǹkan kan. Wá onífídíò kan ní àdúgbò rẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ wù ọ́, kí o sọ fún un pé o fẹ́ máa bá a gbé ẹrù lọ sí òde. Kò sí onífídíò tí kò nílò ẹni tó máa ṣọ́ àpò, tó máa pààrọ̀ bátìrì, tó máa bá a lé àwọn ọmọdé kúrò níwájú lẹ́ńsì. Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù tí gbogbo ayé mọ̀, fọ́tò yíyà ló ti gbà á lọ́kàn láti kékeré ní Abẹ́òkúta, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ló sì ti kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà kó tó kọjá sí ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ní London. Ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe ìtìjú.

Ohun tí o máa wò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ: ibi tó lọ dúró sí kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe ń bá alága sọ̀rọ̀, ohun tó ń ṣe sí káàdì tó ti kún, àti bó ṣe ń dáhùn nígbà tí ìyá ìyàwó bá ń bínú. Fún ara rẹ ní oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà, bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí o di kámẹ́rà kejì mú. Má ṣe gbé fídíò tí o bá a yà sí ojú ìwé ara rẹ láìgba àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: kó irinṣẹ́ jọ, àmọ́ má bẹ̀rẹ̀ láti orí kámẹ́rà

Láti June 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa díye lé, owó kámẹ́rà tuntun ti kọjá agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Yá kámẹ́rà. Àwọn tó ń fi í yáni wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá. Wọ́n á ní kí o mú káàdì ìdánimọ̀ àti onídùúró wá, nítorí náà má dúró di ọjọ́ Fúráídè kó o tó lọ bá wọn. Kó o tó kúrò níwájú wọn, ya fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún, fi maikì sí i, gbọ́ ọ, kí o wo ojúhò káàdì méjèèjì.

Owó tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ra ohun tí o ṣì máa lò bí kámẹ́rà bá tilẹ̀ yí padà: maikì tó dára, káàdì ojúlówó mẹ́rin, bátìrì tó pọ̀, ẹsẹ̀ kámẹ́rà tí kì í gbọ̀n, hard disk méjì. Ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tí o lè padà lọ bá, torí ayédèrú kún ọjà. Wo àmì V30 lára rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé káàdì náà lè gba ó kéré tán mẹ́gábáìtì 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láìdá dúró.

Nígbà tí ó bá wá tó àkókò láti ra kámẹ́rà, tókunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀. Bí o bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí ibikíbi tí o ti fẹ́ rà á, yọ lẹ́ńsì náà, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ gba inú rẹ̀ kọjá. Bí o bá rí ohun tó tàn bí okùn aláǹtakùn, ebu ti hù sí i nìyẹn. Má rà á. Ọ̀rinrin ìgbà òjò wa ló ń fà á, ìwọ náà gbọ́dọ̀ máa tọ́jú lẹ́ńsì rẹ sínú ike tó ní ìdérí líle pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa omi. Béèrè bóyá kámẹ́rà náà ní ojúhò káàdì méjì, ojúhò maikì àti ojúhò ẹ́fóònù. Béèrè pẹ̀lú iye àkókò tó lè fi yà láìdúró. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ máa ń pa ara wọn tí ó bá ku ìṣẹ́jú-àáyá kan kó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí owó ibodè tí ilẹ̀ Yúróòpù ń gbà lórí kámẹ́rà fídíò nígbà náà. Ìwàásù pásítọ̀ kò mọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí irú rẹ̀ ló bá wà lọ́wọ́ rẹ, dá a dúró fúnra rẹ láàárín orin, kí o tún tẹ̀ ẹ́.

Fóònù náà ń ṣe é fún ìsọmọlórúkọ kékeré tí o fẹ́ fi kọ́wọ́, bí o bá ti ní maikì àti ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: mọ iná, mọ ojú, mọ ohùn

Iná mànàmáná wa ní Nàìjíríà ń lọ, ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gílóòbù inú gbọ̀ngàn sì ń tàn, ó ń ṣú ní ìlọ́po méjì iye yẹn. Ojú wa kò rí i, kámẹ́rà rí i. Kámẹ́rà tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń wà lórí NTSC, ìlànà fídíò ti ọ̀hún, níbi tí iná ti jẹ́ 60. Bí o bá fi í yà báyìí ní gbọ̀ngàn wa, wàá rí ìlà dúdú tó ń gun òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, kò sì sí ẹ́díìtì tó máa mú un kúrò tán. Wọ inú mẹ́nù, yí i sí PAL, ìlànà tó bá iná wa mu, máa ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí shutter rẹ (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan) wà ní 1/50. Bí o bá fẹ́ kí ijó lọ díẹ̀díẹ̀, ya ní 50, kí shutter wà ní 1/100. Àwọn tó ń káàkiri òde ní London, iye kan náà ni iná yín pẹ̀lú tiwa. Ẹni tó bá wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ni kó lo 30 àti 1/60. Iná aláràbarà tí DJ ń gbé wá kò tẹ̀lé òfin kankan: máa yí shutter díẹ̀díẹ̀ títí ìlà náà á fi dúró.

Ojú ènìyàn ló tẹ̀lé e. Kámẹ́rà tí o fi sílẹ̀ kó máa pinnu fúnra rẹ̀, ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní àárín méjì, kò fẹ́ funfun, kò fẹ́ dúdú. Gbé e síwájú ìdílé tó wọ léèsì funfun pẹ̀lú gèlè tó ń dán: aṣọ náà á mú un ṣe bí ẹni pé iná ti pọ̀ jù, á wá dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú àwọn ènìyàn wa tó dúdú á sì ṣókùnkùn débi tí o kò ní mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Gba agbára yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Fi ọwọ́ rẹ tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, kí ojú ìyàwó jẹ́ òṣùwọ̀n rẹ. Bí léèsì bá tilẹ̀ mọ́lẹ̀ jù díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bínú. Ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọ̀ iná (white balance) pẹ̀lú: yan nọ́ńbà kan, bíi 5600K ní ìta gbangba tàbí nǹkan bíi 3200K níbi tí gílóòbù bá ti pọ́n, kí àwọ̀ má bàa máa yí lójijì láàárín àdúrà.

Ohùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Maikì orí kámẹ́rà tó wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kò lè gba ọ̀rọ̀ alága nígbà tí gángan àti spíkà bá ń dún pọ̀. Wá maikì kékeré aláìlówáyà méjì, kí ọ̀kan wà lára ẹni tó máa sọ̀rọ̀ jù, kí èkejì wà lára bàbá ìyàwó tàbí ọkọ ìyàwó. Àwọn kan bíi Rode Wireless GO II tún máa ń tọ́jú ohùn sínú ara wọn, èyí sì dára gan-an bí ìsokọ́ra bá já. Lẹ́yìn èyí, lọ bá ẹni tó ń dárí ẹ̀rọ ohùn, kí i dáadáa, bẹ̀ ẹ́ kí ó fún ọ ní wáyà kan láti ara ẹ̀rọ rẹ̀. Ohùn tó ń ti ibẹ̀ jáde lágbára ju ti maikì lọ fíìfíì. Bí o bá kàn án mọ́ ojúhò maikì kámẹ́rà láì yí i sí line, ipò tó wà fún ohùn tó lágbára, á fọ́ pátápátá, kò sì ní ṣeé gbọ́. Fi sínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, kí ohùn tó ga jù máa kan nǹkan bíi -12 dB lójú òṣùwọ̀n rẹ̀, má jẹ́ kó dé òdo. Ohun kẹta ni fóònù àtijọ́ tí o tan ẹ̀rọ ìgbohùn rẹ̀, tí o gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà kékeré. Nígbà gbogbo, ẹ́fóònù gbọ́dọ̀ wà létí rẹ. Àmì tó ń fò lójú kámẹ́rà kì í sọ fún ọ pé aṣọ ń ha maikì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kọ́wọ́ níbi tí kò ti sí ẹni tó san owó

Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, dára fún èyí. Àwọn regberegbe, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ń jó wọlé nínú aṣọ kan náà, àwọn ẹlẹ́ṣin láti ìdílé balógun ń bọ̀ lẹ́yìn, oòrùn le, èrò pọ̀, nǹkan ń yára ṣẹlẹ̀. Ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà ń wáyé ní August. Ya wọ́n, kí o gé e sí ìṣẹ́jú méjì, kí o fi han ẹni tí kò ní tàn ọ́. Níbi egúngún tàbí orò, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kó o tó gbé kámẹ́rà sókè. Bí wọ́n bá ní rárá, gbé e sínú àpò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: mọ iye rẹ, kọ ọ́ sílẹ̀

Ká ṣe ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ, iye tìrẹ lè yàtọ̀. Ká ní o yá kámẹ́rà kejì ní ₦25,000, o fún olùrànlọ́wọ́ ní ₦30,000, ọkọ̀ gba ₦12,000, dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ tí o fi máa ẹ́díìtì gba ₦15,000, flash drive tí o máa fi gbé fídíò fún wọn gba ₦8,000. Ó ti di ₦90,000 kí o tó jẹ kọbọ̀. Ọjọ́ kan ni o fi ya fídíò, ọjọ́ mẹ́rin ni o fi máa jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bí o bá gba ₦120,000, ₦6,000 lóòjọ́ ni o ń ṣiṣẹ́ fún, kámẹ́rà tìrẹ sì ń gbó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò tíì ṣe ìṣirò yìí rí, ó sì ń dùn mí, torí ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń pa iṣẹ́ tì.

Wọ́n á ná ọ, kò burú. Ká ní ₦220,000 ni o pè fún wọn. Ìyá ìyàwó lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Bọ̀dá onífídíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ₦150,000. Ẹ̀yin náà la máa pè fún ti àbúrò rẹ̀." Má sọ ₦220,000 di ₦150,000 kí iṣẹ́ sì dúró bó ṣe wà. Dá wọn lóhùn pé: "Ẹ ṣeun mà. Tó bá jẹ́ ₦150,000, kámẹ́rà kan ni màá gbé wá, fídíò náà á sì jẹ́ wákàtí kan dípò méjì. Ẹ bá mi wo èyí tó bá yín lára mu." Wọ́n á rí i pé owó àti iṣẹ́ jọ ń lọ ni. Ìgbà mìíràn, wọ́n á wá owó kún un.

Gba ìdajì kí o tó kọ déètì wọn sílẹ̀. Kí ọ̀pọ̀ nínú ìyókù wọlé ó ku ọjọ́ méjì, kí èyí tó kéré jù kù sí ọjọ́ tí wọ́n bá wo fídíò tán. Ọjọ́ tí òde bá parí, owó ti tán lọ́wọ́ gbogbo wọn, kì í ṣe pé wọ́n burú. Kọ àdéhùn náà ránṣẹ́ kí wọ́n sì fèsì pé àwọn gbà: ọjọ́ àti ibi, aago tí o máa dé àti aago tí o máa lọ, kámẹ́rà mélòó, gígùn fídíò, ọjọ́ tí o máa gbé e wá, iye ìgbà tí wọ́n lè ní kí o tún nǹkan ṣe, àti bóyá o lè gbé díẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà méjì ni mo máa ń gbà kí wọ́n ní kí n tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ òde gan-an

Dé ní wákàtí kan ṣáájú, nígbà tí àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ṣì ń so aṣọ mọ́ àga. Ya gbọ̀ngàn tó ṣófo, ya ẹrù ìdána lórí tábìlì, pàápàá iṣu, oyin àti Bíbélì tàbí Kùránì tí òrùka máa wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ kí àwọn alága: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú ìnáwó. Èmi ni mo ń ya fídíò. Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá ti fẹ́ pe ìyàwó wọlé, ẹ fi ojú bá mi sọ ọ́, kí n lè sáré dé ẹnu ọ̀nà." Alága tí o bá bọ̀wọ̀ fún á dúró dè ọ́. Èyí tí o kò kí, yóò kàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni. Bá onífọ́tò náà sọ̀rọ̀, kí ẹ pín apá ọ̀tún àti òsì.

Mọ ètò náà lórí. Ẹbí ọkọ á wọlé, ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wọlé wá dọ̀bálẹ̀. Má dúró lókè ya ìdọ̀bálẹ̀: bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ iwájú, kí àyà wọn àti ilẹ̀ hàn papọ̀, kí kámẹ́rà kejì sì wà lójú bàbá àti ìyá ìyàwó tó ń wò wọ́n. Wọ́n á ka lẹ́tà. Ìyàwó á wọlé pẹ̀lú ìbòjú. Nígbà tí wọ́n bá ní kó mú èyí tó wù ú nínú ẹrù, ọwọ́ rẹ̀ ni kó o tẹ̀lé, má ṣe tẹ̀lé ojú, torí òrùka wà níbẹ̀. Nígbà tó bá ń dé fìlà fún ọkọ, ojú àwọn méjèèjì ló ṣe pàtàkì, dúró jẹ́ẹ́ títí di ìgbà tí ẹ̀rín á tán. Àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n tètè ń gbé kámẹ́rà kúrò.

Níbi ìsìnkú, béèrè lọ́wọ́ àkọ́bí kí o tó ya ojú òkú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wádìí ibi tí kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Níbi yìgì, béèrè bó ṣe rí ní apá àwọn obìnrin, kí o mú obìnrin dání láti bá ọ yà á, bí ó bá ṣeé ṣe.

Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n owó, ronú. Abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi ijó sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù mẹ́fà, owó ìtanràn rẹ̀ kò dín ní ₦50,000, ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀. Fídíò ni wọ́n sì máa ń fi mú ènìyàn. Fi í fún ẹni tó ni òde, àmọ́ má jẹ́ ẹni tó gbé e síta. Drone, ẹ̀rọ tó ń fò ya fídíò láti òkè, ńkọ́? NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè ló ń fọwọ́ sí i. Bí o kò bá tíì ní ìwé wọn, má tà á fún oníbàárà.

Ìgbésẹ̀ keje: kí o tó sùn

Káàdì kì í padà sínú kámẹ́rà lálẹ́ ọjọ́ òde. Da gbogbo rẹ̀ sí hard disk méjì, ṣí fáìlì díẹ̀ wò, kí o tọ́jú ọ̀kan sí ilé mìíràn. Ṣe ètò àyè ṣáájú: fídíò 4K, èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gan-an, tó ń lọ ní 100 Mbps (iye dátà tó ń wọ káàdì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ń gba nǹkan bíi GB 45 ní wákàtí kan, kámẹ́rà méjì tó yà fún wákàtí mẹ́rin á jẹ GB 360. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ya 1080, tó kéré sí 4K, ní 50 Mbps, ó jẹ́ ìdajì, kámẹ́rà kì í sì í tètè gbóná pa ara rẹ̀ nínú oòrùn. Má pa nǹkan kan rẹ́ nínú káàdì títí oníbàárà á fi gba fídíò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ́díìtì àti gbígbé e dé ọwọ́ wọn

DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ẹ́díìtì, ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó tó ṣiṣẹ́ náà. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá ń rìn gẹ́gẹ́ bí ìgbín, ní kó ṣe ẹ̀dà kékeré fáìlì náà fún ọ kí o máa fi gé e. Tún ohùn ṣe ṣáájú àwọ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, fi ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ìyẹn ló ń mú kí wọ́n ní sùúrù de fídíò gígùn.

Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ilé àwọn bàbá àti ìyá wa kì í ka flash àfi èyí tó wà ní FAT32, ọ̀nà kan tí flash ń gbà tọ́jú fáìlì, FAT32 kì í sì í gba fáìlì tó bá ti tó GB 4. Fídíò wákàtí méjì ní 8 Mbps jẹ́ GB 7.2, kò ní wọlé. Gé e sí wákàtí kọ̀ọ̀kan, á jẹ́ 3.6. Fi flash náà sínú tẹlifíṣọ̀n kan wò kí o tó gbé e lọ. Fún àwọn ẹbí tó wà lókè òkun, fi fáìlì náà sí Google Drive, tó ń fúnni ní GB 15 lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá máa gbé e sí YouTube tàbí Facebook, orin jùjú tí ẹgbẹ́ olórin kọ tàbí tí DJ gbé sí i lè mú kí wọ́n pa ohùn rẹ̀, nítorí náà lo ohùn àdúrà àti orin tí o ní àṣẹ lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: kí iṣẹ́ kejì tó dé

Alága, onífọ́tò, ẹni tó ń so gèlè, olóúnjẹ: àwọn wọ̀nyí ló ń gbé orúkọ onífídíò kiri ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú fídíò tí iṣẹ́ wọn ti hàn, láìgba owó, bí ẹni tó ni òde bá gbà. Fi orúkọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀, kí o sì ṣí àkáǹtì rẹ̀ lọ́tọ̀. Máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀. Òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026 kò gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, àmọ́ ìwé ìṣirò rẹ ló máa fi hàn pé o kò tíì kọjá rẹ̀. Nígbà tí Sátidé mẹ́rin inú oṣù bá ti ń kún fún oṣù mẹ́ta léra wọn, fi owó kún iye rẹ fún oníbàárà tuntun tó bá dé. Àwọn tó ti san àsansílẹ̀, iye tí ẹ jọ sọ ni kí o gbà lọ́wọ́ wọn.